Sodium Ara Páálí àti Iyọ̀ Inú Ọbẹ̀

Ẹ̀yin abiyamọ, ìwọ̀nba iyọ̀ ni ẹ ń bù sọ́bẹ̀, síbẹ̀ ẹ̀jẹ̀ baálé yín ń ru. Ǹjẹ́ ẹ ti ka ara páálí oúnjẹ tí ẹ ń rà? Sodium ni wọ́n sábà máa ń kọ síbẹ̀. Sodium àti chlorine ló para pọ̀ di iyọ̀, ìwọ̀n wọn kì í sì í yí padà: nínú iyọ̀ gíráàmù 5, sodium fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gíráàmù 2. Nítorí náà, ẹ sọ iye sodium di ìlọ́po méjì àbọ̀. Mílígíráàmù 800 yóò di 2,000, èyí tí í ṣe iyọ̀ gíráàmù 2. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ àgbàlagbà má tó gíráàmù 5 lóòjọ́. Bí baálé bá jẹ irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, gíráàmù 4 ti lọ. Ẹ ṣírò kí ẹ tó bu iyọ̀.