Gòdògbò Mẹ́ta: Bí A Ṣe Lè Dá Wọn Mọ̀ ní Olódi-Àpápá

Ní ọdún kejì mi ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa, wọ́n ní kí olúkúlùkù wa já ewéko ní àdúgbò rẹ̀, kó tẹ̀ wọ́n gbẹ, kó sì kọ orúkọ wọn sí wọn lára. Olódi-Àpápá ni mo ń gbé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé kí ni mo fẹ́ rí já láàárín tírélà àti gọ́tà. Wọn ò mọ̀ pé gọ́tà gan-an ni oko wa. Ní ẹ̀gbẹ́ Kirikiri Road, níbi tí omi kì í ti í tètè gbẹ, gòdògbò bo ilẹ̀ lọ súà, òdòdó búlúù rẹ̀ ń yọjú láàárín ọ̀rá píọ́ wọ́tà.

Mo já mẹ́rin, mo sì kọ Commelina diffusa sí gbogbo wọn lára. Aago méjì ọ̀sán ni mo já wọn, àṣìṣe mi àkọ́kọ́ nìyẹn. Òdòdó gòdògbò kì í lò ju òwúrọ̀ kan lọ. Tí oòrùn bá ti mú, á ká jọ, á sì rọ̀ bí ẹni pé ó fẹ́ di omi. Ẹni tó bá fẹ́ rí i dáadáa, kó jáde ṣáájú aago mẹ́wàá.

Máàkì tí mo pàdánù ò dùn mí tó ohun tó tẹ̀lé e. Ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ kan wà lẹ́yìn ilé wa, tí wọ́n ń gbin tẹ̀tẹ̀ àti ewédú sí ilẹ̀ ẹ̀bá kánààlì. Gòdògbò ń yọ wọ́n lẹ́nu. Wọ́n pè mí: "Ìwọ ọmọ yìí, ṣebí ewé lo ń kọ́ ní yunifásítì? Kí la máa ṣe sí èyí?" Mo wò ó fìrí, mo ní, "Ẹ má ṣèyọnu mà, ẹ ṣáà fi ọkọ́ ha orí rẹ̀ kúrò kó tó so." Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ tó fi kún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì bo ewédú mọ́lẹ̀. Ìgbà tí mo wá fà á tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò ni mo rí èso lára ẹ̀ka funfun tó wà nínú ilẹ̀. Commelina benghalensis ni. Ó ń tanná lókè, ó tún ń tanná nísàlẹ̀ ilẹ̀. Òdòdó ìsàlẹ̀ yẹn kì í là rárá, síbẹ̀ ó ń so. Ẹni tó ha òkè rẹ̀ ò tíì ṣe nǹkan kan.

Àwọn àgbà ń pe gbogbo wọn ní gòdògbò, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Àwa tí wọ́n ń bi léèrè ló yẹ kó wò ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má fi àwọ̀ òdòdó bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo ewé kékeré tó ṣẹ́ po, tí òdòdó ń yọ láti inú rẹ̀. Spathe ni ìwé ń pè é. Èmi ń pè é ní àpò. Ẹ fi èékánná ṣí i. Bí etí rẹ̀ méjèèjì bá là títí dé ìdí bí ìwé tí a ká sí méjì, tó sì dúró lórí ọ̀pá tó gùn díẹ̀, diffusa nìyẹn. Ewé diffusa tẹ́ẹ́rẹ́, ó ṣẹnu ṣóńṣó, gbogbo oríkèé rẹ̀ tó bá kan ilẹ̀ ló sì ń ta gbòǹgbò. Bí àpò náà bá lẹ̀ pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó rí bí àrọ táwọn elépo fi ń rọ epo, ó ku benghalensis àti erecta. Ewé benghalensis fẹ̀, ó sì máa ń ní irun pupa rúsúrúsú lẹ́nu ibi tí ìdí ewé ti wé mọ́ igi rẹ̀. Lẹ́ńsì kékeré tó láti rí i.

Ti erecta ni mo fẹ́ràn jù. Pẹ́tàlì méjì ńlá rẹ̀ búlúù, ẹ̀kẹta funfun, ó sì kéré débi pé ojú lè fò ó. Linnaeus ló fi orúkọ ìdílé Commelin ti ilẹ̀ Netherlands sọ irú ewéko yìí. Ó ní pẹ́tàlì ńlá méjèèjì ni Jan àti Caspar, àwọn onímọ̀ ewéko. Kékeré yẹn ni ẹ̀kẹta wọn, tó kú kó tó ṣe nǹkan kan nídìí iṣẹ́ náà. Ọ̀rọ̀ náà le díẹ̀ sí olóògbé, àmọ́ mi ò gbàgbé pẹ́tàlì yẹn mọ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé àròyé lásán ni èyí, ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà, benghalensis di ìyọnu ńlá fáwọn àgbẹ̀ olówùú, torí glyphosate tí wọ́n gbójú lé kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn án. Ìjọba àpapọ̀ wọn kà á mọ́ èpò eléwu. Nílé níbí, ẹ wá ìwé èpò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí Akobundu àti Agyakwa kọ, tí IITA Ìbàdàn tẹ̀ jáde ní 1987. Àwòrán inú rẹ̀ wúlò gan-an.

Èmi àti ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ la jọ gbẹ́ ebè yẹn, a ń ṣa èso abẹ́ ilẹ̀ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, Sátidé mẹ́ta gbáko. Nínú mẹ́rin tí mo tẹ̀ gbẹ, méjì ni diffusa, ọ̀kan benghalensis. Òdòdó ẹ̀kẹrin ti bàjẹ́ kọjá kíkà, ni mo bá padà sí Kirikiri Road láago méje àárọ̀. Pẹ́tàlì funfun kékeré yẹn wà níbẹ̀.