Ohun Tí Ọkọ̀ Ń Ṣe: Èdè-Ìperí Àtúnṣe Ọkọ̀ Ìjàpá Nínú Ilé

Ọkọ̀ Volkswagen Beetle ni àwọn Yorùbá ń pè ní ìjàpá, nítorí pé ẹ̀yìn rẹ̀ rí rùbùtù bí igbá ìjàpá. Orúkọ náà dùn, ó sì bá ojú mu, ṣùgbọ́n ìrísí ọkọ̀ náà nìkan ni ó sọ. Kò sọ ohunkóhun nípa iṣẹ́ rẹ̀. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin orúkọ tí ń sọ ìrísí àti ọ̀rọ̀ tí ń sọ iṣẹ́ kì í ṣe ohun kékeré fún olùkọ́ tàbí ògbufọ̀ tí ó bá fẹ́ fi èdè Yorùbá ṣe àlàyé bí ènìyàn ti ń tọ́jú ọkọ̀ nínú ilé ara rẹ̀.

Ferdinand Porsche ni ó ṣe àgbékalẹ̀ ọkọ̀ yìí ní ilẹ̀ Jámánì ní nǹkan bí ọdún 1934 sí 1938. Ní ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to irú rẹ̀ pọ̀ ní Ọ̀jọ́, ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ní ọdún 2003 ni wọ́n ṣe èyí tí ó kẹ́yìn ní ilẹ̀ Mẹ́síkò, nígbà tí iye tí wọ́n ti ṣe ní gbogbo àgbáyé ti lé ní mílíọ̀nù 21. Ọkọ̀ fífúyẹ́ ni. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 800 kílógíráàmù. Lára ẹ̀yà ọkọ̀ yìí ni wọ́n sì ti mú nígbà tí wọ́n ṣe ọkọ̀ ìje Porsche 356 àkọ́kọ́ ní ọdún 1948, èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ kò ju 585 kílógíráàmù lọ. Ẹni tí ó bá mọ ìjàpá tọ́jú ti mọ ìpìlẹ̀ ọkọ̀ ìje náà: ẹ́ńjìnnì kékeré tí kò lo omi, tí ó jẹ́ pé atẹ́gùn ni ń tù ú lára.

Ní Òsì, ní Ìlọ́fà àti ní àwọn ìlú tí ó yí wọn ká ní ìpínlẹ̀ Kwara, ilẹ̀ olókè ni ọkọ̀ ń gbà. Ọkọ̀ tí ó bá kọ̀ ní ìdajì òkè lè dá olówó rẹ̀ dúró síbi tí kò sí mẹkáníìkì nítòsí. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ẹni tí ó ní ọkọ̀ lè yẹ̀ ẹ́ wò nílé kí ó tó jáde. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ṣùgbọ́n èdè wo ni yóò fi wò ó?

Iṣẹ́ ńlá ni àwọn onímọ̀ ti ṣe lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ètò tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ní ọdún 1970 fi hàn pé ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè fi èdè Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì fún odidi ọdún mẹ́fà. Ní ọdún 1984, ìwé èdè-ìperí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ pèsè ọ̀rọ̀ fún ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan ẹ́ńjìnnì, ọ̀rọ̀-orúkọ ni àwọn tí ń ṣẹ̀dá èdè-ìperí sábà máa ń wá kiri. Kí ni kí wọ́n máa pe púlọ́ọ̀gì? Kí ni kí wọ́n máa pe kabúrétọ̀? Kí wọ́n tó ronú tán, ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì ti dáhùn: púlọ́ọ̀gì ni, kabúrétọ̀ ni.

Ohun tí ó yẹ kí wọ́n kíyè sí ni pé orúkọ ẹ̀yà ọkọ̀ ni àwọn mẹkáníìkì yá jù. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń sọ àìsàn ọkọ̀, Yorùbá pọ́ńbélé ni ó pọ̀ nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe sì ni. Bẹ́líìtì lè dẹ̀, ó lè sán, ó lè já. Kabúrétọ̀ lè di. Epo lè máa jò. Bátìrì lè kú. Ẹ́ńjìnnì lè máa mu ọ́ìlì. Ọkọ̀ lè má fà mọ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ní àtúnṣe tirẹ̀ nínú. Ẹni tí ó sọ pé bẹ́líìtì dẹ̀ ti sọ pé kí wọ́n fà á le. Ẹni tí ó sọ pé ó sán ti sọ pé kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kí ó tó já.

Bẹ́líìtì ìjàpá fúnra rẹ̀ jẹ́ àpẹẹrẹ bí ọ̀rọ̀ ti lè gba ẹ́ńjìnnì là tàbí kí ó bà á jẹ́. Fáànù kan ni ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ẹ́ńjìnnì náà. Orí ọ̀pá jẹnẹrétọ̀ ni fáànù ọ̀hún wà, bẹ́líìtì kan ṣoṣo ni ó sì ń yí àwọn méjèèjì. Bí bẹ́líìtì bá já, iná pupa yóò tàn níwájú awakọ̀. Ẹni tí wọ́n bá kọ́ pé iná bátìrì ni èyí yóò rò pé òun ṣì lè rọra wà á délé, nígbà tí bátìrì kò tíì kú. Kí ó tó gun òkè kan tán, ẹ́ńjìnnì lè ti bàjẹ́ nítorí ooru. Ẹni tí wọ́n bá kọ́ pé ohun tí iná náà ń sọ ni pé bẹ́líìtì lè ti já, tí atẹ́gùn kò sì fẹ́ mọ́, yóò dúró, yóò sì pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀. Àwọn méjèèjì rí iná kan náà. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ́ wọn ni kò dọ́gba.

Àyẹ̀wò rẹ̀ kò le. Bí ènìyàn bá pa ẹ́ńjìnnì, tí ó fi àtàǹpàkò tẹ bẹ́líìtì láàárín, ó yẹ kí ó tẹ̀ wọlé ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà kan àbọ̀. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó dẹ̀. Àwọn wáṣà pẹlẹbẹ kan wà láàrin ìlàjì méjèèjì àgbá tí bẹ́líìtì ń yí lé lórí lára jẹnẹrétọ̀. Bí wọ́n bá yọ ọ̀kan láàárín, tí wọ́n fi í sí ìta, bẹ́líìtì yóò le sí i.

Bí ẹ́ńjìnnì bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ lówùúrọ̀, ìbéèrè mẹ́ta tó láti bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó sì gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ró. Èkíní: ǹjẹ́ epo ń dé? Bí wọ́n bá ṣí ojú kabúrétọ̀, tí ẹnì kan fa okùn ìtẹ̀sẹ̀, ó yẹ kí epo ta wọlé fẹ́ẹ́rẹ́. Èkejì: ǹjẹ́ iná ń ta? Ní ibi tí kò sí òórùn bẹntiróòlù, kí wọ́n yọ púlọ́ọ̀gì, kí wọ́n fi wáyà rẹ̀ sí i padà, kí wọ́n gbé e kan irin, kí ẹnì kan sì yí kọ́kọ́rọ́. Bí iná kò bá ta, kí wọ́n wo kọ́ńtáàtì, tí àlàfo rẹ̀ yẹ kí ó jẹ́ 0.4 mílímítà. Ẹ̀kẹta: ǹjẹ́ fáàfù ń pa dé? Àlàfo rẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ìjàpá jẹ́ 0.15 mílímítà, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù pátápátá ni wọ́n sì ń wọ̀n ọ́n. Bí àlàfo náà bá sú, fáàfù kò ní pa dé, ooru yóò sì jó o.

Ìtọ́jú tí ó kù kò pọ̀. Lítà méjì àbọ̀ ni ọ́ìlì tí ẹ́ńjìnnì náà ń gbà; ó sàn kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ ní ìrìn 5,000 kìlómítà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì fọ asẹ́ rẹ̀. Ní ìgbà ọyẹ́, eruku ń tètè dí asẹ́ afẹ́fẹ́, ó sì yẹ kí wọ́n máa fọ ọ́ léraléra. Rọ́bà tí ń gbé bẹntiróòlù lọ sínú ẹ́ńjìnnì a máa sán bí ó bá ti gbó, epo a sì máa jò sára irin gbígbóná; ọ̀pọ̀ ìjàpá ni ó ti jóná báyìí. Abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ni bátìrì wà. Bí kò bá ní ìdérí, irin ìjókòó lè kan orí rẹ̀ kí iná sì ràn.

Kì í ṣe pé èdè àwọn mẹkáníìkì kò ní àbùkù. Gúlóòbù jóná, kọ́ìlì jóná, fáàfù jóná: ọ̀rọ̀ kan ni wọ́n fi sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bẹ́ẹ̀ ni iná mànàmáná ni ó fa méjì, tí ooru gáàsì sì fa ìkẹta. Níbi báyìí ni iṣẹ́ onímọ̀ èdè-ìperí wà: kí ó ya ohun tí wọ́n pa pọ̀ sọ́tọ̀, kì í ṣe kí ó da ohun tí wọ́n ti sọ dáradára nù.

Òsì fúnra rẹ̀ ní ẹ̀rí fún ọ̀nà yìí. Ìlú Àreògún ni, gbẹ́nàgbẹ́nà tí òkìkí rẹ̀ kàn kárí ayé, àti ti ọmọ rẹ̀, Bándélé. Ìpele mẹ́rin ni àwọn agbẹ́gilére agbègbè náà pín iṣẹ́ wọn sí: ọnà lílé, àlétúnlé, dídán àti fínfín. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó jẹ́ orúkọ irinṣẹ́ tàbí orúkọ igi. Ohun tí ọwọ́ ń ṣe ni wọ́n sọ di orúkọ, tí ọmọ iṣẹ́ fi mọ ohun tí ó kàn láti ṣe nígbà tí ó bá ti gbọ́ ọ.

Bí àwọn agbẹ́gilére ti ṣe yẹn ni ó yẹ kí èdè-ìperí ọkọ̀ ṣe. Kí púlọ́ọ̀gì àti kabúrétọ̀ máa jẹ́ orúkọ wọn lọ, nítorí pé gbogbo ayé mọ̀ wọ́n bẹ́ẹ̀. Kí dídẹ̀, sísán, jíjá, dídi, jíjò àti àìpadé fáàfù sì wọ inú ìwé ìkọ́ni gẹ́gẹ́ bí èdè-ìperí tòótọ́, pẹ̀lú ìtumọ̀ àti ìwọ̀n tí ó bá ọ̀kọ̀ọ̀kan mu. Nígbà náà, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ìlọ́fà tí ó bá rí iná pupa nínú ọkọ̀ bàbá rẹ̀ kò ní máa wá orúkọ iná náà. Yóò sọ pé, "Bàbá, ẹ pa á, ó lè jẹ́ pé bẹ́líìtì ti já."