Èédú láti ara ìdọ̀tí oko: báwo ló ṣe ń mú afẹ́fẹ́ tó ń mú ayé gbóná?

Tí ọyẹ́ bá ti dé, èéfín kì í wọ́n lójú ọ̀nà Ìdó sí Ọ̀yẹ́ títí dé Ìkọ̀lé. Àgbẹ̀ ti kó àgbàdo kúrò lóko, wọ́n ti fọ́ kòkó, ohun tó ṣẹ́ kù ni ṣúkù, háhá àgbàdo àti èèpo kòkó. Iná ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ sí i. Nígbà mìíràn, iná yẹn a kọjá oko ẹni tó dá a, a sì wọ oko kòkó ẹlòmíràn.

Ohun tí wọ́n ń sun dànù yìí, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kárí ayé ń wá a. Wọ́n ń sọ ọ́ di èédú tó lè mú afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì, tí wọ́n máa ń kọ ní CO2. Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́, kí ló sì kan àgbẹ̀ àríwá Èkìtì níbẹ̀?

Kí ni CO2 ṣe?

CO2 ò burú fúnra rẹ̀. Ó wà nínú èémí tí èèyàn ń mí síta, òun náà sì ni ewé ń fà sínú kí igi àti ọ̀gbìn lè dàgbà. Pé ó ti pọ̀ jù ni wàhálà. Kí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó gbòde, tí wọ́n bá pín afẹ́fẹ́ ayé sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, bí 280 péré ni CO2. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n déédéé lórí òkè Mauna Loa ní Hawaii lọ́dún 1958, ó ti tó 315. Ní báyìí, ó ti kọjá 420. Ńṣe ló dà bí ìgbà tí wọ́n da bùláńkẹ́ẹ̀tì bo èèyàn lọ́sàn-án gangan: ooru ò ráàyè jáde.

Ihò inú èédú

Tí iná bá jó ṣúkù tán, eérú ló máa kù. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá sé afẹ́fẹ́ mọ́ ọn, tó gbóná láì jó tán, èédú ló máa dà. Àwọn ihò wà nínú èédú yìí tí ojú lásán ò lè rí. Kí ihò náà lè pọ̀ sí i, wọ́n á tún fi oru omi tàbí kẹ́míkà sun ún nínú ooru tó ga gan-an.

Ọ̀kan nínú àwọn kẹ́míkà tí wọ́n ń lò jù ni potassium hydroxide. Orúkọ yẹn le lẹ́nu, àmọ́ àwọn ìyá tó ń se ọṣẹ dúdú mọ ìbátan rẹ̀ dáadáa. Omi eérú èèpo kòkó tí wọ́n fi ń se ọṣẹ, tó máa ń ta èèyàn lára, potassium yìí náà ló fún un lágbára.

Tí wọ́n bá ṣe èédú náà dáadáa, tí wọ́n sì lè tẹ́ ògiri gbogbo ihò inú gíráàmù kan péré sílẹ̀, ó lè ju 1,000 mítà onígun mẹ́rin lọ. Ìyẹn ju púlọ́ọ̀tì méjì ti 50 sí 100 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Ara ògiri wọ̀nyí ni CO2 ti ń lẹ̀, bí eruku ṣe ń lẹ̀ mọ́ nẹ́ẹ̀tì ojú fèrèsé.

Wọ́n tún lè po yúríà mọ́ ọn kí wọ́n tó sun ún, ajílẹ̀ kan náà tí àgbẹ̀ ń rà lọ́jà. Náítírójìn inú yúríà máa ń jẹ́ kí èédú di CO2 mú dáadáa sí i. Èèpo èkùrọ́ àti igbá àgbọn dára púpọ̀ fún iṣẹ́ yìí torí pé wọ́n le. Irú èédú bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ń ṣe omi inú ọ̀rá fi ń sẹ́ omi.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le

Tí èédú bá ti kún, wọ́n á mú un gbóná, CO2 á já kúrò lára rẹ̀, wọ́n á sì tún èédú náà lò. CO2 tó já yẹn wá ńkọ́? Tí kò bá níbi tó ń lọ, afẹ́fẹ́ ló máa padà sí. Ní Norway, láti ọdún 1996 ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ sí abẹ́ ilẹ̀ òkun ní Sleipner, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kẹ́míkà olómi ni wọ́n fi ń mú un níbẹ̀, kì í ṣe èédú. Ilé iṣẹ́ ńlá tí èéfín rẹ̀ pọ̀, bíi ti sìmẹ́ńtì tó wà ní Obajana ní ìpínlẹ̀ Kogi, ni irú iṣẹ́ yìí bá mu jù. Kò sí irú rẹ̀ ní Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ tàbí Ìdó.

Àmọ́ ọ̀nà kejì wà, òun ló sì sún mọ́ àgbẹ̀ jù. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Kílò kan èédú tó dáńgájíá máa ń mú bí 100 sí 200 gíráàmù CO2 lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn nínú CO2 tí nǹkan kan ò dà pọ̀ mọ́. Nínú èéfín lásán, kò tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí 700 gíráàmù nínú kílò èédú kan bá jẹ́ kábọ́ọ̀nù, tí iná bá jó o, CO2 tó máa jáde ju kílò 2.5 lọ. Tí wọ́n bá ro èédú yẹn mọ́ ilẹ̀ dípò kí wọ́n sun ún, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kódà ó lè ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Àgbàdo ti bá wa mú CO2 nígbà tó wà lóko. Èédú kàn ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn ni. Lóòótọ́, bí ìdajì kábọ́ọ̀nù máa ń sá lọ nígbà tí wọ́n bá ń ṣe èédú, àmọ́ iná oko kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹ́ nǹkan kan kù.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ìdọ̀tí

Èèpo ẹ̀gẹ́ ni ewúrẹ́ ń jẹ. Ìhá àti èèpo èkùrọ́ ni àwọn obìnrin tó ń fọ epo fi ń dáná, alágbẹ̀dẹ náà sì ń lò ó. Tí oníṣòwò bá ń kó o lọ, tó di ọ̀wọ́n, àwọn ló máa kọ́kọ́ fara gbá a. Nítorí náà, ohun tí wọ́n ń sun dànù ló yẹ kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀: ṣúkù àti èèpo kòkó. Èèpo kòkó tí wọ́n kó jọ sóko tiẹ̀ tún máa ń fi àrùn tó ń sọ kòkó di dúdú pa mọ́.

Ìta gbangba ni kí wọ́n ti ṣe é, nínú dúrọ́ọ̀mù, kí wọ́n ṣáná sí i látòkè, kí wọ́n sì da omi sí i kó tó di eérú. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ṣe é nínú ilé tàbí yàrá: èéfín rẹ̀ ní kábọ́ọ̀nù mónọ́ksáìdì nínú, kì í rùn, ó sì ń pani. Kí wọ́n gún èédú náà, kí wọ́n pò ó mọ́ ìgbẹ́ adìyẹ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí wọ́n sì kọ́kọ́ dán an wò lórí ebè díẹ̀. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ FUOYE, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2011, ní ọgbà ní Ìkọ̀lé, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ìmọ̀ ẹ̀rọ.

Ní 2021, Nàìjíríà ṣèlérí ní ìpàdé COP26 ní Glasgow pé títí di 2060, èéfín tí òun ń tú síta kò ní ju èyí tí òun ń mú kúrò lọ. Òfin ojú ọjọ́ sì jáde lọ́dún yẹn kan náà. Owó lè tìdí rẹ̀ yọ. Tí ẹnikẹ́ni bá wá sí abúlé pé òun fẹ́ sanwó kábọ́ọ̀nù, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta kẹ́ ẹ tó tọwọ́ bọ̀wé: Ta ló máa wọ̀n ọ́n? Èló ló máa kan àgbẹ̀, ọjọ́ wo ni wọ́n máa san án? Ọdún mélòó ni ìwé yìí máa fi di ilẹ̀ mú?