Áàpù ìfẹ́ gbòde: Oorun tó yẹ kí wọ́n sùn, orí fóònù ni wọ́n ń ná an sí ní Baruwa

Ẹni tó bá mọ Baruwa, ní ìjọba ìbílẹ̀ Alimosho, mọ̀ pé ibẹ̀ kì í ṣe ibi táwọn òṣìṣẹ́ ti ń sùn pẹ́. Kílẹ̀ tó mọ́ rárá, èrò ti kún ojú títì, dáńfó àti kẹ̀kẹ́ Márúwá ti ń kó wọn lọ sí Ìyànà-Ìpájà, níbẹ̀ ni wọ́n á ti tún wọ mọ́tò mí-ìn lọ sí Òṣòdì, Ìkẹjà tàbí Erékùṣù Èkó. Ẹni tó fẹ́ débi iṣẹ́ ní aago mẹ́jọ, aago mẹ́rin ààbọ̀ ló ń jí. Nígbà tó bá fi máa padà wọlé lálẹ́, aago mẹ́sàn-án ti lù. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò: tó bá wẹ̀, tó jẹun, tó wá dùbúlẹ̀ ní aago mẹ́wàá, wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ péré ló kù fún un láti fi sùn.

Nínú wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ yẹn náà ni fóònù tún fẹ́ jẹ tiẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ áàpù ìfẹ́ ni o. Àwọn bíi Tinder, Badoo àti Bumble, níbi tọ́kùnrin tóbìnrin tí wọn ò mọra rí ti ń wo fọ́tò ara wọn. Ẹni tó bá wu èèyàn, àtàǹpàkò ni wọ́n á fi ti fọ́tò ẹ̀ sápá ọ̀tún. Ẹni tí kò bá wù wọ́n, apá òsì ni wọ́n ń tì í sí, ó tán nìyẹn. Táwọn méjì bá ti ara wọn sápá ọ̀tún, áàpù á so wọ́n pọ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. (Kẹ́nikẹ́ni má ṣì í gbọ́ o, Badoo yìí kì í ṣe àwọn apààyàn tó fi orúkọ yẹn kó jìnnìjìnnì bá Ìkòròdú lọ́dún 2016 sí 2017. Orúkọ lásán ló pa wọ́n pọ̀, ti orí fóònù ti wà látọdún 2006.)

Kẹ́nì kan máa báni wá ọkọ tàbí ìyàwó kì í ṣe tuntun nílẹ̀ Yorùbá. Alárenà ló ń ṣe é láyé àwọn bàbá wa. Alárenà á ti wádìí ìdílé débi tó lápẹẹrẹ: ṣé àrùn kan ò sí ńbẹ̀, ṣé wọn kì í jalè, ṣé gbèsè ò wọ̀ wọ́n lọ́rùn. Nígbà tó tún di ayé ìwé, àwọn ìwé ìròyìn ń tẹ àdírẹ́sì àwọn tó ń wá ọ̀rẹ́ sójú ewé wọn, lẹ́tà kan á sì lo ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta lójú ọ̀nà kí èsì tó dé. Kí èsì tó dé yẹn, ojú oníkálukú á ti wálẹ̀. Áàpù ò mọ ìdílé ẹnikẹ́ni, kò sì ní sùúrù. Tinder, tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2012, ló sọ títi fọ́tò sọ́tùn-ún sósì di àṣà, fọ́tò ló sì kọ́kọ́ ń gbé síwájú èèyàn. Jẹ́nótáìpù ńkọ́? Èyí tó jẹ́ pé ní Nàìjíríà níbí, bí ẹnì kan nínú èèyàn mẹ́rin ló ní AS, ìyẹn di ohun tí wọ́n ń béèrè nígbà tí ìfẹ́ bá ti wọra tán.

ỌGBỌ́N TÍ WỌ́N FI MÚ ẸYẸLÉ

Ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan wà tó ń jẹ́ B.F. Skinner. Ní àárín ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, ó ń ti ẹyẹlé mọ́nú àpótí, ó sì ṣe bọ́tìnì kan síbẹ̀ tẹ́yẹ náà lè fi ẹnu sọ. Tó bá jẹ́ pé gbogbo ìgbà tó bá ti sọ ọ́ lóúnjẹ ń bọ́ sílẹ̀, ẹyẹlé á jẹun yó, á fi bọ́tìnì sílẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ìgbà mí-ìn á bọ́, ìgbà mí-ìn ò ní í bọ́, tí ẹyẹ ò sì mọ ìgbà tó máa bọ́, yóò máa sọ ọ́ láìdúró ni. Ẹni tó bá ti ta Baba Ìjẹ̀bú rí kò nílò kí wọ́n ṣàlàyé eléyìí fún un.

Ọ̀kan lára àwọn tó dá Tinder sílẹ̀, Jonathan Badeen, sọ ọ́ fúnra ẹ̀ nínú fíìmù *Swiped* tí HBO gbé jáde lọ́dún 2018 pé títi fọ́tò sọ́tùn-ún sósì yẹn bá iṣẹ́ ẹyẹlé Skinner tan. Ọgọ́rùn-ún fọ́tò lè kọjá kí ẹyọ kan tó dáhùn, ẹyọ kan yẹn ló sì ń gbé èèyàn dé aago méjì òru. Wọ́n tún wá ń tajà lórí ẹ̀. Lọ́dún 2017, wọ́n gbé Tinder Gold jáde, kí ẹni tó bá lówó lè san án láti mọ ẹni tó ti yan òun. Ní ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kejì, ọdún 2024, àyájọ́ olólùfẹ́ gan-an, àwọn èèyàn mẹ́fà gbé Match Group, iléeṣẹ́ tó ni Tinder àti Hinge, lọ sílé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ní Kalifóníà. Wọ́n ní ńṣe ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe áàpù náà kó di bárakú. Iléeṣẹ́ náà ní ẹjọ́ yẹn ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ rárá.

KÍ LÓ Ń ṢE LÁRA?

Àwọn onímọ̀ kan ní Họ́ngárì ṣe ìbéèrè mẹ́fà jáde lọ́dún 2016 láti fi mọ ẹni tí Tinder ti di wàhálà fún. Ṣé ọkàn onítọ̀hún kì í kúrò níbẹ̀? Ṣé ó ń lò ó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ? Ṣé ibẹ̀ ló ń sá lọ tínú ẹ̀ ò bá dùn? Ṣé ó ti gbìyànjú láti dín in kù, tó tún padà síbẹ̀? Ṣé ara ẹ̀ kì í lélẹ̀ tí kò bá rí i lò? Ṣé ó ti ń ba iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́? Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ló bá ará Baruwa wí jù.

Ẹ jẹ́ kó yé e yín o, kò tíì sí ohun tó ń jẹ́ àìsàn áàpù ìfẹ́ nínú ìwé Àjọ Ìlera Àgbáyé. Gééèmù tó di bárakú ni wọ́n fi sínú ìwé náà lọ́dún 2019. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣèwádìí kan ní Ọsirélíà, tí wọ́n gbé e jáde lọ́dún 2020, àwọn tó ń lo áàpù yìí ní ìdààmú àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ju àwọn tí kò lò ó lọ, pàápàá jù lọ àwọn tó ń lò ó lójoojúmọ́. Bóyá áàpù ló kó ìbànújẹ́ bá wọn, bóyá ìbànújẹ́ ló gbé wọn dé ìdí áàpù, ìwádìí yẹn nìkan ò lè sọ.

Ti oorun ló yanjú. Wákàtí méje, ó kéré tán, làwọn dókítà ní kí àgbàlagbà máa sùn. Ẹni tó ń sun mẹ́rin lójoojúmọ́ ń pe ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà, tó bá sì jẹ́ awakọ̀ ni, kì í ṣe òun nìkan lọ̀rọ̀ kàn. Orí fífọ́ tó ń bá a jí láràárọ̀, aráyé ló máa fẹ̀sùn ẹ̀ kàn.

Ti ìpòórá tún wà níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n ti jọ ń sọ̀rọ̀ láàárọ̀ lálẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta á kàn dákẹ́ lọ́jọ́ kan. Kò kú, kò lọ sókè òkun, kò sì jà. Ẹni tí wọ́n ṣe é sí á máa ka ọ̀rọ̀ tó kọ kẹ́yìn ní àkàtúnkà, á máa wá ibi tóun ti ṣẹ̀. Wàhálà tí Baruwa mọ̀ tẹ́lẹ̀, bí epo páìpù tó ń jò wọ kànga wọn láti ọdún pípẹ́, àti gáàsì tó bú gbàmù lóṣù kẹwàá, ọdún 2020, wọ́n ṣeé rí, wọ́n ṣeé gbóòórùn. Eléyìí ò ní èéfín. Ẹni tó bá sì ní kí wọ́n lọ rí dókítà ọpọlọ, Yábà lọ́kàn wọn ń lọ, wọ́n á ní ṣé àwọn ya wèrè ni.

ÀWỌN TÍ WỌ́N JÁDE LỌ PÀDÉ ÀJÈJÌ

Èèyàn ò lè sọ̀rọ̀ yìí l'Ékòó kó má rántí Cynthia Osokogu. Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Nasarawa ni. Facebook àti BlackBerry ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n, torí Tinder ò tíì jáde nígbà yẹn. Lóṣù keje, ọdún 2012, ó wá pàdé àwọn ọ̀rẹ́ tuntun yìí l'Ékòó, òtẹ́ẹ̀lì kan ní Festac ni wọ́n pa á sí. Ọdún 2017 nilé ẹjọ́ gíga Èkó tó dájọ́ ikú fáwọn ọkùnrin méjì lórí ọ̀rọ̀ náà.

Èyí tó tún ya èèyàn lẹ́nu ni ti oṣù kejìlá, ọdún 2024. Àwọn EFCC ya wọ ilé alájà méje kan ní Victoria Island, wọ́n kó èèyàn 792 níbẹ̀, àwọn ará Ṣáínà 148 wà nínú wọn. EFCC ní ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ni pé wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ ìfẹ́ fa ojú àwọn ará Amẹ́ríkà àti Yúróòpù mọ́ra lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n tó ní kí wọ́n wá fowó sówò tí kò sí. Iṣẹ́ gidi ló jọ, pẹ̀lú tábìlì àti kọ̀ǹpútà. Ẹni tó ń pe èèyàn ní "ọkàn mi" ní aago kan òru, ó lè jẹ́ pé ẹnu iṣẹ́ ló wà.

Kòkòrò éèdì náà kì í hàn lójú fọ́tò. Ìwádìí tíjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2018 fi hàn pé ìdá 1.4 nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà Nàìjíríà ló ní in. Ẹni tí rọ́bà já mọ́ lára, tàbí tí wọ́n fipá bá lò pọ̀, ní wákàtí méjìléláàádọ́rin (72) péré láti fi bẹ̀rẹ̀ oògùn tí kò ní í jẹ́ kí kòkòrò náà rídìí jókòó, ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n ni wọ́n sì ń lò ó. Bí aago ṣe ń lọ ni agbára oògùn náà ń dín kù, kò sì wúlò mọ́ tí 72 bá ti kọjá. Fáwọn tí wọ́n fipá bá lò pọ̀, Mirabel Centre wà nínú ọgbà LASUTH, ní Ìkẹjà, látọdún 2013. Wọn kì í gbowó.