Ẹ Bi Wọ́n Pé, Ìgbà Wo Ni Wọ́n Fún Eku Lóògùn?

Iṣẹ́ mi ní láàbù ni kí n kó àrùn Parkinson bá eku, nítorí eku kì í fúnra rẹ̀ ní in. Ẹ ti rí àrùn náà rí lára àgbàlagbà: ọwọ́ á máa gbọ̀n, ẹsẹ̀ á wúwo, ojú ò ní fẹ́ rẹ́rìn-ín mọ́. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń pèsè dopamine nínú ọpọlọ ló ń kú.

Májèlé tí à ń lò ni 6-OHDA. Omi oníyọ̀ àti fítámì C la fi ń pò ó, inú yìnyín la sì ń gbé e sí, ìmọ́lẹ̀ ò sì gbọdọ̀ kàn án. Bó bá ti pọ́n pẹ́nrẹ́n, ó ti bàjẹ́ nìyẹn, ẹ dà á nù. Kò lè gba inú ẹ̀jẹ̀ wọ ọpọlọ, nítorí náà a óò kun eku lóorun, a óò fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín gbé e débẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan péré ni o. Bí ẹ bá ba méjèèjì jẹ́, eku ò ní jẹ, kò ní mu. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, a óò gbé e sínú abọ́ ribiti, a óò fún un ní amphetamine, ni yóò bá máa pòòyì sí apá tó bàjẹ́. Àwa á máa kà á. Urban Ungerstedt, ọmọ ilẹ̀ Sweden, ló fi hàn ní 1968 pé 6-OHDA ń pa àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí.

Ti MPTP, májèlé mìíràn, burú jù. Ara ènìyàn la ti rí i. Ní California lọ́dún 1982, àwọn ọ̀dọ́ kan gún ayédèrú heroin sára, wọ́n sì gan sójú kan, wọn ò lè mira. Dókítà William Langston ló tọpa rẹ̀ dé MPTP. Ẹ́ńsáímù MAO-B inú ọpọlọ ló ń sọ ọ́ di oró.

Wàyí o, bí ìwé ìròyìn bá ní oògùn kan wo Parkinson eku sàn, ẹ bèèrè ìgbà tí wọ́n fún un. Bó bá ṣáájú májèlé, ó lè jẹ́ májèlé ló dí lọ́nà. Ohun tí májèlé ń fi ọjọ́ díẹ̀ ṣe, ọ̀pọ̀ ọdún ni àrùn fi ń ṣe é. Bí àpẹẹrẹ, oògùn selegiline, tó ń dá MAO-B dúró, gba ọ̀bọ lọ́wọ́ MPTP. Wọ́n wá dán an wò nínú ìwádìí DATATOP, tó kó 800 aláìsàn jọ. Ó sún ìgbà tí wọ́n máa nílò oògùn levodopa síwájú díẹ̀, àmọ́ àrùn ò dúró. Àwọn dókítà ṣì ń kọ selegiline fún aláìsàn, kí ara lè rọ̀ wọ́n.