Ṣé dídí ọ̀nà mọ́ ará ìlú lè mú kí ìjọba gbọ́ ọ̀rọ̀ ojú-ọjọ́? Ohun tí ìwọ́de ìlú Lọ́ńdọ̀nù fi hàn

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹwàá, ọdún 2019, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń sáré lọ síbi iṣẹ́ wọn, ọkùnrin méjì gun orí ọkọ̀ ojú irin ní ibùdókọ̀ Canning Town, ní ìhà ìlà-oòrùn ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n ní nítorí ayé tó ń gbóná sí i làwọn ṣe gun ibẹ̀. Àwọn èrò tó ń dúró kò rí i bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń ju nǹkan lù wọ́n, nígbà tó sì yá, wọ́n fa ọ̀kan nínú wọn wálẹ̀, wọ́n sì lù ú.

Ẹgbẹ́ Extinction Rebellion kan náà yìí ló dí Waterloo Bridge àti Oxford Circus ní oṣù kẹrin ọdún yẹn kan náà, tí ọlọ́pàá fi kó èyí tó ju ẹgbẹ̀rún kan lọ nínú wọn. Ní ọjọ́ kìíní, oṣù karùn-ún, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde pé ọ̀rọ̀ ojú-ọjọ́ ti di pàjáwìrì. Nígbà tó di oṣù kẹfà, wọ́n ṣòfin pé tó bá fi máa di ọdún 2050, èéfín tó ń mú ayé gbóná tí ilẹ̀ náà ń tú sáfẹ́fẹ́ kò gbọdọ̀ ju èyí tí wọ́n lè fà padà lọ. Lóòótọ́, ìjọba ti ní kí àwọn olùdámọ̀ràn rẹ̀ yẹ ọ̀rọ̀ òfin yìí wò láti ọdún 2018, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè búra pé ìwọ́de nìkan ló bí i. Ṣùgbọ́n ìwọ́de náà mú kí gbogbo ìlú máa sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Kí ló wá fa ìyàtọ̀? Ọkọ̀ ojú irin tó ń lo iná mànàmáná wà lára ohun tí àwọn tó ń jà fún ojú-ọjọ́ fẹ́ kí èèyàn máa wọ̀. Òṣìṣẹ́ tí wọ́n dá dúró ní Canning Town kọ́ ló ń fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti wa epo.

Àwọn oníwádìí Feinberg, Willer àti Kovacheff gbé ìwádìí kan jáde ní ọdún 2020 lórí irú nǹkan báyìí. Wọ́n rí i pé ìwọ́de tó le máa ń tètè gba àfiyèsí, ṣùgbọ́n ó máa ń mú kí àwọn tó gbọ́ nípa rẹ̀ yẹra fún àwọn tó ṣe é. Bí ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀, ìdáhùn ì bá rọrùn.

Ní oṣù kọkànlá, ọdún 2022, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Just Stop Oil márùndínláàádọ́ta gun àwọn irin tí wọ́n gbé pátákó ìtọ́nà kọ́ sókè òpópónà M25, èyí tó yí Lọ́ńdọ̀nù ká. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ fi gbòde. Àwọn oníwádìí bi àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì léèrè ọ̀rọ̀ ṣáájú ìwọ́de yìí àti lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2024: àwọn tí wọ́n gbọ́ nípa ìwọ́de náà dáadáa túbọ̀ fara mọ́ Friends of the Earth, ẹgbẹ́ mìíràn tó ń fi pẹ̀lẹ́tù jà. Ẹni tó ti ná ọjà rí yóò lóye rẹ̀. Bí ìyá ọlọ́jà kan bá pe aṣọ ní iye tó ga jù, iye tí ẹnì kejì rẹ̀ pè yóò dà bí ẹni pé ó bọ́gbọ́n mu.

Ṣùgbọ́n ẹni tó pe owó gọbọi ló jẹ gbèsè. Ìjọba ṣe òfin tó le mọ́ ìwọ́de ní 2022, ó sì tún ṣe òmíràn ní 2023. Ní oṣù keje, ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ rán Roger Hallam, ọ̀kan lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ méjèèjì sílẹ̀, lẹ́wọ̀n ọdún márùn-ún lórí ọ̀rọ̀ M25. Kò tilẹ̀ gun irin kankan. Ìpàdé tó bá wọn ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi mú un. Ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dín in kù sí ọdún mẹ́rin ní oṣù kẹta, ọdún 2025.

Oṣù yẹn gan-an ni Just Stop Oil kéde pé àwọn kò ní í dí ọ̀nà mọ́, pé ohun táwọn ń bèèrè ti tẹ àwọn lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ òṣèlú Labour, tó gba ìjọba ní 2024, ti ṣèlérí pé àwọn kò ní í fúnni ní ìwé àṣẹ tuntun láti wá epo àti gáàsì. Pé ìwọ́de nìkan ló ṣe é, àsọdùn ni. Àwọn mìíràn ti ń jà á nílé-ẹjọ́ àti lọ́dọ̀ àwọn olóṣèlú tipẹ́. Nígbà tí wọ́n ṣe ìwọ́de ìkẹyìn ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù kẹrin, ọdún 2025, Hallam àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ṣì wà lẹ́wọ̀n.