Agbárí Tí Kò Dọ́gba àti Ọ̀pá-Ẹ̀yìn Tí Ó Wọ́

A lè rí agbárí tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan àti ọ̀pá-ẹ̀yìn tí ó wọ́ lára ọmọ ìkókó kan náà. Síbẹ̀, kò sí ẹ̀rí pé ọ̀kan ni ó fa èkejì. Ó ṣeé ṣe kí orísun wọn jẹ́ ọ̀kan: bóyá ààyè há mọ́ ọmọ nínú ilé-ọmọ, tàbí kí ó máa fi ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo sùn. Ọ̀pọ̀ irú wíwọ́ bẹ́ẹ̀ a máa tọ́ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n òmíràn a máa pọ̀ sí i. Nítorí náà ni a fi gbọ́dọ̀ máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọrùn ni kí òṣìṣẹ́ ìlera kọ́kọ́ wò. Bí iṣan ẹ̀gbẹ́ ọrùn kan bá kúrú, orí ọmọ yóò tẹ̀ síbẹ̀, ojú rẹ̀ yóò sì kọ sí òdìkejì. Ojú kan náà ni yóò máa fi orí lé, ibẹ̀ yóò sì tẹ́, nítorí agbárí ọmọ tuntun ṣì rọ̀. Nínà ọrùn díẹ̀díẹ̀, bí oníṣègùn bá ti kọ́ ìyá, ni ìtọ́jú rẹ̀. Kí a tètè bẹ̀rẹ̀ ni ó dára jù.

Ní ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá, ìbáà ṣe ní Bouaké tàbí ní Ẹjìgbò tí ọ̀pọ̀ Yorùbá Côte d'Ivoire ti wá, ìyá àgbà a máa fi omi gbígbóná tẹ orí ọmọ kí ó lè rí róbótó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ìyá, ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́ mọ́: omi náà lè bó ọmọ. Ẹ fi ẹ̀yìn ọmọ lélẹ̀ bí ó bá ń sùn. Bí ó bá jí, tí ẹ sì ń wò ó, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Pípọ̀n pẹ̀lú a máa gbé orí rẹ̀ kúrò lórí ẹní.

Ti ọmọ ọdún 10 sókè yàtọ̀. Bí wíwọ́ náà bá tó ìwọ̀n 10° nínú àwòrán X-ray ni à ń pè é ní scoliosis. Nínú nǹkan bí 80% wọn, a kì í mọ ohun tí ó fà á. Kí ìyá kankan má ṣe di ẹ̀bi rẹ̀ ru orí pẹrẹsẹ ìgbà ìkókó. Ẹ ní kí ọmọ náà bẹ̀rẹ̀, kí apá rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀. Bí ìhà kan bá ga ju èkejì lọ, ó yẹ kí dókítà rí i.

A kò lo ọ̀rọ̀ náà “iké” fún wíwọ́ yìí, a sì ní ìdí. Iké tí ó yọ ṣóńṣó láàrin ẹ̀yìn, pẹ̀lú ibà, rírù tàbí ẹsẹ̀ tí kò lágbára, lè jẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ inú eegun. Oògùn a máa wò ó, ṣùgbọ́n ìfàsẹ́yìn lè mú kí ẹsẹ̀ rọ pátápátá. Ẹ darí irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ sí CHU Bouaké láìjáfara, àti ọmọ ìkókó tí eegun bá yọ gbọọrọ bí ògiri lórí agbárí rẹ̀.